Ọ̀nà Odò Tí Ọ̀dà Ń Sun Létí Rẹ̀

Kí ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí tó jókòó tì mí, òórùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Òórùn ọ̀dà ni. Mo mọ̀ pé odò ló ti ń bọ̀, inú mi sì dùn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré lọ́nà Ajue, bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ọ̀dà dúdú a máa sun jáde láti inú ilẹ̀ létí odò wa. A ó lúwẹ̀ẹ́ títí ojú wa á fi pọ́n, a ó wá gbé ẹsẹ̀ ọlọ́dà tẹ ẹní ìyá wa. Ọṣẹ ò ràn án. Epo pupa nìkan ló ká a. Ìyá wa a ní, "Ṣé epo ọbẹ̀ ni n ó máa fi wẹ̀ yín ni?"

Inú oko kòkó bàbá mi ni ọ̀nà odò náà gbà kọjá. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ni oko kò ní ọ̀nà odò. Òun ló tilẹ̀ gbọ́dọ̀ ro ọ̀nà náà kó tó fọwọ́ kan oko tirẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti òkèèrè wá dáko lọ́dọ̀ wa kò mọ̀, ó gbin ẹ̀gẹ́ sójú ọ̀nà. Bàbá mi ò bá a jà. Ohun tí bàbá sọ ni pé kí kálukú máa gba ibẹ̀ lọ pọnmi bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Bàbá, àwọn ọmọ yín tẹ ẹ̀gẹ́ mi pa."

"Ẹ̀gẹ́ rẹ ló lọ sùn sójú ọ̀nà."

Lọ́dún kejì, òun ló kọ́kọ́ gbé àdá jáde láti ro ó, àwa àtàwọn ọmọ rẹ̀ sì jọ ń mòòkùn.

Láìpẹ́ yìí ni àwọn tó fẹ́ wa ọ̀dà náà dé. Wọ́n ri èèkàn aláṣọ pupa mọ́ ojú ọ̀nà, wọ́n ní àwọn yóò fi wáyà yí ibẹ̀ ká, ẹnikẹ́ni ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n pè wá sípàdé. Ọ̀gá wọn, ọmọ jẹ́jẹ́ kan, bèèrè ẹni tó ni ọ̀nà náà kí àwọn lè bá a sọ̀rọ̀. Ni mo bá dìde.

"Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó ni ín. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó lè tà á fún yín."

Àwọn ọmọ ọmọ ọkùnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Wọ́n ti fa èèkàn wọn sẹ́yìn, ó di òdìkejì odò. Mi ò mọ ohun tí ọ̀la máa gbé wá. Ọ̀dà ṣì wà nílẹ̀, ojú wọn ò sì kúrò lára rẹ̀. Ìyá mi ti lọ, kòkó bàbá mi ti gbó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣì là, mo dúpẹ́.

Ó yá, fi bírò sílẹ̀, gbé epo wá kí n nu ẹsẹ̀ rẹ. Bí ìwọ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ bá tún ń lọ lọ́la, ẹ mú àdá dání.