Obìnrin Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ìlà Já

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹnu kì í pè é mọ́. Màmá Má-Gbé-e-Sílẹ̀ ni tàgbàtèwe àdúgbò ń pè é, kò sì bínú sí i, nítorí ẹnu ara rẹ̀ ló fi fa orúkọ náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tẹlifóònù, láyé ìgbà tó jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ló ń so ìpè pọ̀. Pátákó gíga kan tó kún fún ihò ló máa ń wà níwájú rẹ̀, okùn wáyà á sì wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó ń pè á sọ ẹni tó ń wá, òun á ki okùn bọ ihò onítọ̀hún, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sílẹ̀.” Ó sọ ọ́ títí ó fi wọ̀ ọ́ lára, débi pé bí ọkọ rẹ̀ bá ń bá a sọ̀rọ̀ tí ìkòkò sì ń hó lórí iná, á ní, “Ẹ má gbé e sílẹ̀,” á sáré wọ ilé ìdáná.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń so ìpè pọ̀ fúnra rẹ̀ dé. Ọ̀gá bọ gbogbo wọn lọ́wọ́, ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, kí oòrùn sì tó kan àtàrí, wọ́n ti gbé báàgì, wọ́n ti ń lọ sílé. Ó dun Màmá wọra. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi bá ẹ̀rọ ṣọ̀tá. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wà ní kọ̀rọ̀ ilé, ọwọ́ ló fi ń fọ aṣọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wá ṣaláìsí, tí ilé dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń gbọ́ aago ara ògiri láti inú balùwẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá bá a nílé.

Onígbàjámọ̀ ni àbúrò yìí. Ohùn rẹ̀ dùn, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi, ì báà jẹ́ pé abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀,” ó wí. “Mo ní onílù, mo ní onígìtá. Ta ló mọ dùùrù tẹ̀ jù yín lọ nígbà tá a wà lọ́mọdé? Ẹ dìde níbẹ̀ yẹn.”

Onílù ọ̀hún, oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi ni. Onígìtá jẹ́ olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọbìnrin Màmá ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, pẹ̀lú dùùrù kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọn àti pátákó pẹlẹbẹ kan tó kún fún bọ́tìnì títàn. Èèyàn tẹ bọ́tìnì, fèrè fọhùn. Ó tẹ òmíràn, àtẹ́wọ́ dún. Bí obìnrin tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe di ẹlẹ́rọ nìyẹn o.

Ọjọ́ Ajé, tí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kì í ṣí, ni wọ́n máa ń fi dánra wò láàárín àwọn dígí. Èèyàn mẹ́rin ni wọ́n, ṣùgbọ́n nínú dígí, wọ́n lé ní ogún, oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi kì í sì í yé wo ara rẹ̀. Màmá fẹ́ràn ọjọ́ yẹn ju gbogbo ọjọ́ tó kù nínú ọ̀sẹ̀ lọ. Kí aago tó dún, ó ti jí. Inú rẹ̀ ń dùn, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà, ibi tí orin kan ti ń parí tí òmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀ ló sì wà. Orin kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Ọ̀kan ń fẹ́ fèrè, èkejì ń fẹ́ dùùrù ńlá, ẹ̀kẹta ń fẹ́ àtẹ́wọ́. Màmá to orin méjìlá náà tẹ̀ léra wọn sínú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé. Bó bá fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà abẹ́ tábìlì, èyí tó kàn á wọlé. Ètò náà ì bá dára bí olórin bá lè tẹ̀lé ìwé. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ fún onígbàjámọ̀ pé kó tẹ̀lé ìwé? Ojú àwọn oníjó ló ń wò, bó ṣe ń wo orí ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń pinnu. Orin kẹta á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa parí, á yíjú padà: “Ẹ̀gbọ́n mi, ìkẹsàn-án!”

Yéè! Màmá á wá máa fi ẹsẹ̀ gún pẹ́dà lẹ́ẹ̀mẹfà. Bó bá ti gún un, ohùn tó wà nílẹ̀ á já pà, ẹ̀rọ á dákẹ́ díẹ̀, fèrè á ké pín-ín, á tún já, àtẹ́wọ́ á dún lẹ́ẹ̀kan, á tún já. Àwọn oníjó á gbé ẹsẹ̀ sókè, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n máa gbé e kalẹ̀ sí. Nígbà tí orin kẹsàn-án bá fi máa dé, ìdajì wọn ti jókòó.

Gbọ̀ngàn tí àwọn olùfẹ̀yìntì ti ń jó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta lèyí ti ń ṣẹlẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, alákòóso gbọ̀ngàn pe onígbàjámọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ọ̀gá, àwọn oníjó mi ti dàgbà,” ó ní. “Tí orin bá dákẹ́, wọ́n á jókòó. Tí wọ́n bá sì ti jókòó, orúnkún wọn ò ní gbà mọ́, ó di Sátidé tó ń bọ̀ nìyẹn. Mo fún yín ní ẹ̀ẹ̀kan sí i. Tí wọ́n bá tún jókòó, màá wá ẹgbẹ́ mìíràn.”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, onígbàjámọ̀ wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kọ̀, kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi. Ọkùnrin kan wà tó mọ ẹ̀rọ yẹn dunjú. Tí orin bá tún dákẹ́ ní Sátidé, màá ní kí ọkùnrin náà wá gba ibẹ̀. Ẹ̀yin ẹ kàn lè máa… ẹ lè máa jókòó tì wá.”

“Kí n máa jókòó tì yín ṣe kí ni? Kí n máa bá yín di báàgì mú?”

Onígbàjámọ̀ dé fìlà rẹ̀. Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó lọ.

Màmá sunkún, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Wọ́n ti gba àga ní ìdí òun lẹ́ẹ̀kan rí, ẹ̀rọ ló gbà á. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé, ọmọ ìyá òun ló fẹ́ gbà á. Nígbà tó sunkún tán, ó bọ́jú, ó tan kọ̀ǹpútà lórí tábìlì ìjẹun, ó tẹjú mọ́ orin méjìlá tó tò tẹ̀ léra wọn bí àwọn tó ń dúró de dókítà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Ta ló ní kí orin tò sórí ìlà? Nílé iṣẹ́ tẹlifóònù, ẹnì kan kì í tò sẹ́yìn ẹnì kan. Oníbúrẹ́dì lè pe ọlọ́pàá, ọlọ́pàá lè pe lọ́yà, kálukú ló ní ihò tirẹ̀, ihò gbogbo ló sì wà ní ṣíṣí. Ọ̀gá obìnrin tó kọ́ wọn níṣẹ́ a sì tún máa fi rúlà lu tábìlì, a máa ní, “Ẹ ò gbọ́dọ̀ yọ okùn àkọ́kọ́ títí èkejì yóò fi dáhùn!” Màmá gbá orí ara rẹ̀. Òun fúnra òun ló ti ń yọ okùn láti ọjọ́ yìí wá! Ó rẹ́rìn-ín, òun nìkan nínú ilé, títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn ún.

Ó tú gbogbo ètò náà palẹ̀. Ó jẹ́ kí gbogbo orin ṣí sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú pẹ̀lú bọ́tìnì tirẹ̀. Ó sì fi ìwé ìlànà wá ibi tí wọ́n ti ń sọ fún ẹ̀rọ pé bí orin tuntun bá wọlé, kó má ṣe gé ti àtijọ́, kó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ rọra lọ lábẹ́ èyí tó dé. Kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ru ẹrù gun àtẹ̀gùn. Màmá yọ ohùn ẹyẹ kúrò, ó yọ agogo kúrò, ó yọ gbogbo ohun tí ẹnì kankan kì í lò, ara sì tu ẹ̀rọ.

Ó wá ku bọ́tìnì, tó jẹ́ àwọ̀ iná wọn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ojú Màmá kì í tètè mọ àwọ̀ ewé yàtọ̀ sí àwọ̀ ojú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni olórin kì í dúró kí èèyàn fi awò sójú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í gbàgbé. Ó to àwọn orin náà síbi tí ihò àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ wà. Orin ìfẹ́ tó rọra ń lọ bọ́ sí ihò ilé ìgbẹ̀bí. Èyí tó yára jù bọ́ sí ti ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Èyí tó gùn, tí kì í tán bọ̀rọ̀, bọ́ sí ihò lọ́yà kan tó máa ń fi wákàtí méjì sọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ó ń di ojú, ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ síbi tó yẹ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àkísà Màmá ló sì wúlò lọ́sẹ̀ yẹn.

Kò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tí agogo mẹ́rin lù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, gbọ̀ngàn ti kún. Alákòóso dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó káwọ́ gbera. Onígbàjámọ̀ kò jẹ́ kí ojú òun àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe mẹ́rin. Wọ́n kọ orin àkọ́kọ́, wọ́n kọ èkejì. Bó ṣe kù díẹ̀ kí èkejì parí, ó yíjú padà, ẹ̀rù sì hàn nínú ohùn rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìkẹjọ!”

Ìka Màmá ti wà lórí bọ́tìnì oníbúrẹ́dì. Fèrè orin kejì ṣì ń rọlẹ̀ nígbà tí dùùrù ìkẹjọ wọlé lábẹ́ rẹ̀. Igi ìlù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi. Obìnrin kan tó wọ bàtà aláwọ̀ ìyeyè ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sì gbé e sọ sórí orin tuntun wẹ́kú, láìmọ̀ pé orin ti yí. Kò sẹ́ni tó jókòó.

Onígbàjámọ̀ kò gbà á gbọ́. “Ìkarùn-ún!” Ìkarùn-ún wọlé. “Ìkọkànlá!” Ìkọkànlá wọlé. Ó wá di eré láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, olùkọ́ ìṣirò ń rẹ́rìn-ín títí gìtá fi ń mì láyà rẹ̀. Màmá ń jó lórí àga. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé pé ìdánwò ni wọ́n ń ṣe fún òun.

Inú onígbàjámọ̀ náà wá dùn kọjá agbára rẹ̀. Ó pe ìkẹwàá. Orin yìí ní ibì kan tó ga fíofío. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, wẹ́rẹ́ ló ń débẹ̀, nítorí náà ó kọ̀ kí wọ́n bá a rẹ orin náà sílẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù, tó bá gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan ló ń dé ibẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kó tó wọ ẹsẹ kejì, Màmá gbọ́ èémí rẹ̀. Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbọ́ èémí àwọn èèyàn létí mọ ẹni tó fẹ́ sunkún kó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì mọ ẹni tí ohùn rẹ̀ kò ní jáde. Èémí yìí kúrú, kò dé inú. Tó bá fi dé ibi gíga yẹn, ohùn á fọ́ lójú gbogbo èèyàn, orin á dúró, wọ́n á jókòó. Àmọ́ nínú ẹgbẹ́ yìí, olórin ló ń yan orin, kò sí ẹni tó yí i mọ́ ọn lẹ́nu rí. Bí Màmá bá yí i, tí àbúrò rẹ̀ ò sì tẹ̀lé e, orin méjì á máa jà nínú gbọ̀ngàn, ẹ̀bi náà á sì jẹ́ tirẹ̀ nìkan, á sì pàdánù àga rẹ̀. Ó wo ọrùn àbúrò rẹ̀, iṣan ti yọ níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é.

Ó tẹ bọ́tìnì ilé iṣẹ́ panápaná.

Orin kẹtàlá ló wà níbẹ̀, èyí tí kò sí nínú ìwé, tí Màmá fúnra rẹ̀ fi kún un lọ́sẹ̀ yẹn: orin tí ìyá wọn fi máa ń wẹ̀ fún wọn. Kò ga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀, ọ̀fun tó rẹ̀ lè gbé e. Ó bá ìlù tó wà nílẹ̀ mu. Onígbàjámọ̀ la ẹnu sílẹ̀ fún ibi gíga, ó yí ọrùn gìrì, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Màmá náà wò ó, kò mójú kúrò. Ìlù lù lẹ́ẹ̀kan. Ohùn ọkùnrin náà bá sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ó gbà á:

“Omi ò ní jẹ ọ́, ọmọ mi, dúró,
omi ò ní jẹ ọ́, dúró kí n wẹ̀ ọ́.”

Omijé wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó kọ ọ́ dé ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo gbọ̀ngàn ti ń gbè é, àwọn bàbá arúgbó ń fi ọwọ́ ra ara wọn bí ẹni tó ń fi ọṣẹ wẹ̀. Alákòóso ti bọ́ kóòtù, ó ti wọ àárín agbo, ó ń jó láìmọ ijó.

Nígbà tí orin náà ń lọ sópin, onígbàjámọ̀ kúrò nídìí máìkì, ó fẹnu súnmọ́ etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òógùn ń kán sórí tábìlì. Màmá rò pé ó fẹ́ bínú ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “èwo ló kàn?”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò bi ẹnì kankan ní irú ìbéèrè yẹn rí. Màmá na ọwọ́ sí bọ́tìnì. Àbúrò rẹ̀ padà sídìí máìkì, ó dúró bí gbogbo èèyàn yòókù, ó ń tẹ́tí láti gbọ́ ohun tí òun máa kọ.