Báísíkù Tó Ga Ju Àǹtí Mi Lọ

Iṣẹ́ fèrèsé alumíníọ̀mù ni mò ń ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá. Téèpù kì í kúrò ní ìbàdí mi. Tí mo bá dé ilé onílé, kí wọ́n tó bu omi fún mi, mo ti na téèpù sójú fèrèsé, mo ti wọn gíga rẹ̀, mo ti wọn fífẹ̀ rẹ̀, màá sì tún un wọ̀n, torí tí gíláàsì bá fi díẹ̀ báyìí tóbi ju ojú rẹ̀ lọ, kò ní wọlé. Èèyàn ò lè bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ báísíkù àǹtí mi ṣe ń dùn mí títí di òní.

Àǹtí mi ni àkọ́bí ìyá wa, èmi ni àbígbẹ̀yìn. Àwọn ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Nígbà tí ilé ìwé mi ò lè kọjá JSS3, àwọn náà ló fà mí lọ́wọ́ lọ bá ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Wọ́n kúrú. Mi ò fi bú wọn o, bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Tí a bá dúró pọ̀, orí wọn ò kọjá àyà mi. Ìgándò ni wọ́n ń gbé, nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ọ̀dà ti parí tí ọ̀nà eléruku ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ní jẹ́lé-ó-sinmi kan lẹ́bàá títì. Àwọn ìyá tó ń lọ síbi iṣẹ́ máa ń gbé ọmọ wá kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, nítorí náà àǹtí mi gbọ́dọ̀ ti débẹ̀ ṣáájú wọn. Nígbà tí owó ọ̀kadà di ohun tí apá wọn ò ká mọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn ín. Tí wọ́n bá fi máa délé lálẹ́, ẹsẹ̀ á ti wú.

Lọ́jọ́ Sunday kan, a jẹun tán, wọ́n kàn dédé sọ pé, "Ṣé o mọ̀ pé mo máa ń gun báísíkù nígbà tí mo wà lọ́mọdé?"

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Èmi ni, jàre. Ti ọmọ lándílọ́ọ̀dù wa ìgbà yẹn. Bàbá wa ló ní kí n sọ̀ kalẹ̀, pé ọmọ obìnrin kì í ya ẹsẹ̀ báyẹn. Mo sì sọ̀ kalẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Tí mo bá rí ọ̀kan báyìí, mi ò ní wojú ọlọ́kadà kankan mọ́ láyé yìí."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí màá ṣe fún wọn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ Pleasure, ọkùnrin kan wà tó ń ta báísíkù tòkunbọ̀, ó fi ṣéènì so gbogbo wọn mọ́ ara ògiri. Ó bi mí pé ta ló fẹ́ gùn ún. Mo ní àǹtí mi ni.

"Báwo ni wọ́n ṣe ga tó?"

Ibí yìí ló ti bàjẹ́. Mo na ọwọ́ láti fi gíga wọn hàn án. Ọwọ́ mi dúró síbi àyà mi, ibi tí orí wọn ń dé gan-an. Mo wo ọwọ́ náà, ojú tì mí. Ọmọdé la máa ń fi ọwọ́ júwe nísàlẹ̀ báyẹn. Ó wá dà bí ẹni pé mò ń sọ ẹni tó tọ́ mi di kékeré níwájú àlejò. Ni mo bá rọra gbé ọwọ́ náà sókè dé èjìká, kódà ó fi díẹ̀ kọjá èjìká. Mo ní, "Wọ́n tó báyìí."

Ó wò mí. Ó fa kékeré kan jáde, èyí tí irin rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ láàárín débi pé èèyàn lè wọ síkẹ́ẹ̀tì kó ṣì gbé ẹsẹ̀ kọjá. Apẹ̀rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. "Ẹ ò ṣe mú èyí? Férémù rẹ̀ kéré, ti obìnrin ni. Bí wọ́n bá tiẹ̀ kúrú díẹ̀, kò ní fìyà jẹ wọ́n."

"Wọn ò kúrú," mo dá a lóhùn, ohùn mi sì le.

Lójú tèmi, ohun ìṣeré ọmọdé ni kékeré yẹn. Báwo ni màá ṣe gbé e wọlé ẹ̀gbọ́n mi kí n ní ẹ̀bùn ni mo gbé wá? Mo mú aláwọ̀ ewé kan tó ga, tó rí gìrìwò, irin rẹ̀ na gbọọrọ láti abẹ́ ìjókòó dé iwájú. Ó jọ nǹkan tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn. Téèpù mi wà ní ìbàdí mi ní gbogbo ìgbà tí mo fi dúró níbẹ̀.

Ọjọ́ tí mo gbé e dé Ìgándò, àǹtí mi lọgun. "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi o!" Gbogbo yàrá ló ṣí, àwọn èèyàn jáde, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń ṣàdúrà sí mi lórí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mi ò tíì bọ́jú tí fóònù mi fi dún. Àǹtí mi ni. "O ṣeun àná o." Ọkọ wọn gba fóònù, òun náà ní o ṣeun àná. Nígbà tó yá, obìnrin kan láti ìjọ wọn pè mí, mi ò mọ̀ ọ́n rí, ó ní òun bá àǹtí mi dúpẹ́ ni. Bí a ṣe ń ṣe é láàárín wa nìyẹn, oore kì í sùn kí a má jí dúpẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn púpọ̀. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé lẹ́yìn irú ọpẹ́ báyẹn, kò sí bí àǹtí mi ṣe máa wá ní ohun tí mo fún wọn ò bá wọn mu.

Ṣùgbọ́n mo rí i. Mi ò ní purọ́. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gùn ún, èmi ni mo di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn ló ń wá ilẹ̀ tí kò rí i. Mo tú ìjókòó, mo sọ ọ́ kalẹ̀ títí tí kò fi lọ mọ́, mo ní ó parí. Ìjókòó nìkan ló lọ sílẹ̀. Irin gbọọrọ yẹn wà níbi tó wà, ọwọ́ báísíkù sì jìnnà sí wọn, wọ́n ń na ara bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan lórí àjà.

"Ṣé ó dáa, àǹtí?"

"Ó dáa gan-an ni! Ọlọ́run á fún ẹ ní tìrẹ."

Wọ́n wá ọgbọ́n dá sí i. Wọn kì í dúró níbi tó bá ṣáà wù wọ́n. Wọ́n ti mọ gbogbo síláàbù tí wọ́n fi bo gọ́tà láti ilé wọn dé jẹ́lé-ó-sinmi, orí síláàbù nìkan ni wọ́n ti ń sọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gùn, torí ibẹ̀ ló ga tó fún ẹsẹ̀ wọn. Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́ẹ̀kan. Bí a ṣe dé ìdí àwọn ọlọ́kadà, ọ̀kan nínú wọn pariwo, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ gun báísíkù ni, àbí báísíkù ló gbé yín pọ̀n?"

Àǹtí mi ò wẹ̀yìn. "Ó gbé mi pọ̀n! Ìwọ tí ò rẹ́ni gbé ńkọ́, ṣé o ti fọ ẹnu?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rín. Mo ní àǹtí mi gbọ́n. Nígbà tí wọ́n ní èjìká ń ro wọ́n, mo ra oògùn ìfira lọ fún wọn. Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n tún pè láàárọ̀ láti dúpẹ́ oògùn.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú. Ọkọ̀ akólẹ̀ kan tó ń lọ síbi ààtàn dúró sórí síláàbù wọn. Wọ́n fa bíréékì, wọ́n na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ò kan nǹkan kan. Báísíkù ló wó lé wọn. Egungun ọrùn-ọwọ́ wọn yẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti so ọwọ́ náà mọ́ ọrùn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Má bínú, mo ti ba báísíkù ẹ jẹ́."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi pé ó ga jù?"

"Kí n sọ ọ́ fún ta ni? Lẹ́yìn tí mo ti pe gbogbo ayé jáde wá dúpẹ́?" Wọ́n wo ọwọ́ tí wọ́n so. "Ìwọ náà ṣáà ní ojú."



Ó pẹ́ kí ọwọ́ náà tó san, kò sì padà sí bó ṣe wà. Ní jẹ́lé-ó-sinmi, wọ́n ní kí àǹtí mi má gbé ọmọ mọ́, kí wọ́n kàn máa jókòó ti àwọn tó bá ń sùn. Nígbà yẹn ni mo tó yọ téèpù mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, kí n wọ̀n yín láti ilẹ̀ dé ìtan."

"Dé ibo? Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ? Aláìnítìjú! Mú téèpù yẹn wá." Wọ́n wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Wọ́n jáde, wọ́n fi ọwọ́ òsì di ibi tí téèpù dé mú. Ó kéré ju ibi tí irin gbọọrọ báísíkù yẹn ga dé lọ débi pé mi ò lè wo ojú wọn.

Mo padà lọ bá ọkùnrin yẹn, kékeré ti lọ. Ó ní wọn kì í pọ̀, gíga ló ń kún inú kòńténà. Mo wá a dé Ìkòtún. Nígbà tí mo rí ọ̀kan, mi ò fi ọwọ́ júwe fún ẹnikẹ́ni, téèpù ni mo nà sí i. Kò rí gìrìwò. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo gbé e dé, mi ò pe ará ilé kankan. Àǹtí mi gbé ẹsẹ̀ kọjá irin náà pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wọ̀, wọ́n jókòó. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn méjèèjì balẹ̀ pẹrẹsẹ. Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Wọ́n lu agogo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Hẹn," wọ́n ní. "Báyìí ló máa ń rí nígbà yẹn."

"Ẹ gùn ún lọ síwájú díẹ̀, mo di yín mú."

Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ọwọ́ báísíkù náà, wọ́n gbìyànjú láti fa bíréékì. Ìka wọn ò lè fà á dé ìdí. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀rù ń bà mí. Èyí ló yẹ kó o kọ́kọ́ rà."

Wọn ò dúpẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò dún. Ìyẹn dùn mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa bá mi sọ òótọ́ nípa báísíkù.

Báísíkù náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn, wọn ò tíì gùn ún. Tí mo bá lọ lọ́jọ́ Sunday, mo máa ń fún un ní atẹ́gùn, wọ́n á máa wò mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti gíláàsì wà lẹ́yìn ọkọ̀, à ń kọjá ní Ìgándò láàárọ̀. Mo rí àǹtí mi láàárín èrò tó ń dúró de mọ́tò. Orí síláàbù tiwọn yẹn ni wọ́n dúró sí, kí wọ́n lè ríran kọjá orí àwọn tó wà níwájú. Mo juwọ́ sí wọn. Wọn ò rí mi.