Ìyá Tí Mo Ní Kó Má Yíjú Padà

Èmi ni mo ní kí ìyá náà má yíjú padà. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá fi í pamọ́, gbogbo ìyókù á dà bí irọ́. Kì í ṣe irọ́ o. Lọ́sàn-án gangan ló ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn èèyàn ń ná ọjà níta. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo wà níbẹ̀.

Ayàwòrán ni mí, ní Kútọ̀, lẹ́bàá gáréèjì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́. Nígbà yẹn mi ò ní yàrá òkùnkùn tèmi. Ẹgbẹ́ àwa ayàwòrán ló ní ọ̀kan, lẹ́yìn ilé Bàbá Alága, tí àwa kéékèèké jọ ń lò. Oògùn tí a fi ń fọ fíìmù, a máa ń dá a rà ni. Bí kámẹ́rà ẹnì kan bá bàjẹ́, ẹlòmíràn á yá a ní tirẹ̀. Ká ní kò sí ẹgbẹ́ yẹn ni, ǹ bá ti padà sóko.

Ní ìpàdé oṣooṣù, a máa ń fi àwòrán kọ́ sórí okùn bí aṣọ tí a sá, gbogbo èèyàn á wá máa sọ tẹnu wọn sí i. Ìjà ni, ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ la ti ń gbọ́n. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi Làmídì kó ti pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà wá: ọkọ̀ òfuurufú nínú kùrukùru, ọkùnrin kan ṣoṣo níwájú gíláàsì, dúdú bí òjìji. Gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá Alága wá kọjú sí tèmi, ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n jókòó gbọnrangandan.

Ó ní, "Ìwọ, ṣé àwọn wọ̀nyí ń dúró de ìdájọ́ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí àwọn oníṣòwò àdìrẹ kan ní Ìtòkú ní kí n bá àwọn lọ sí Ìkẹjà. Ìyá wọn ń lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n fẹ́ àwòrán ojú ìyá, kó mọ́ kedere, kí wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Ara ò rọ ẹnikẹ́ni nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n háyà. Ìyá ti gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, kò gbé e fún Ṣìfáwù, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti ń bá a tajà láti kékeré.

"Ìyá mi, ẹ ò fọkàn tán mi ni?"

"Jẹ́ kí n lọ, kí n bọ̀. Tí mo bá dé, a ó sọ ọ́."

Ṣìfáwù sọ ọ̀rọ̀ kan tó le sí ìyá rẹ̀, mi ò ní tún un sọ níbí. Fèrèsé ló kọjú sí títí a fi dé.

Òjò ń ṣe wíníwíní ní Ìkẹjà. Ẹ gbà mí gbọ́, ibẹ̀ rẹwà lójú ayàwòrán. Ilẹ̀ ń dán bí dígí, àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ nínú aṣọ funfun, kùrukùru gbé ìrù ọkọ̀ òfuurufú mì. Mo gbàgbé ojú tí wọ́n ní kí n yà. Okùn ìpàdé yẹn nìkan ló wà lọ́kàn mi.

Mo sá bá ìyá. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rìn lọ síbi ilẹ̀kùn gíláàsì yẹn. Ẹ má yíjú padà o, àfi tí mo bá ní ó tó."

"Ṣé ojú mi kọ́ ni wọ́n ní kí o yà ni?"

"A ó ya ojú tí ẹ bá dé, Àlájà."

Orúkọ yẹn pa á lẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ọmọ mi. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ rẹ."

Ó ń lọ, mo ń yà á. Bẹ́ẹ̀ ni Ṣìfáwù já wá láti ẹ̀yìn mi, ó di irin tí wọ́n fi dínà mú.

"Ìyá mi! Ìyá mi o! Ẹ má bínú!"

Mo rí i tí èjìká ìyá mì. Ó gbọ́. Ọrùn rẹ̀ fẹ́ yí, ó sì tún dúró. Ohùn mi ló ń dúró dè. Àṣé ọkọ̀ òfuurufú kan ti ń yọ imú láti inú kùrukùru lápá òsì, mo sì ti dojú kámẹ́rà kọ ọ́. Nígbà tí n ó fi wẹ̀yìn, ìyá ti wọlé.

Mi ò sọ pé ó tó.

Ṣìfáwù jókòó sórí ilẹ̀ tútù. "Kò tiẹ̀ wò mí." Mo gbọ́ ọ. Mo ń nu kámẹ́rà.

Fíìmù náà ò tíì tán, mo fi ya ìkómọ kan ní Adígbẹ kí n tó gbé e lọ fọ̀. Àwọn tó lọ sí Mẹ́kà ò tíì dé nígbà yẹn.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa, kó gbọ́. Bí o bá ti fa fíìmù jáde, tí o ò tíì wé e sínú agolo kí o dé e, ìmọ́lẹ̀ bíńtín á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà òfin ẹgbẹ́ le: ẹni tó wà nínú kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn, ẹnì kan á sì jókòó ti ilẹ̀kùn níta. Làmídì ló jókòó fún mi, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Mo paná. Mo fa fíìmù jáde. Mo ń fọwọ́ wá agolo.

Òórùn aṣọ tí òjò pa ló kọ́kọ́ kàn mí nímú. Mo ní oògùn ni. Oògùn kì í rùn bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, níwájú mi, ibi tí ọwọ́ mi lè tó:

"Ọmọ mi, ṣé ó tó?"

Mo sọ wẹ́lẹ́ pé, "Làmídì."

"Kí ló dé?"

"Ta ló wà níbí?"

"Ìwọ àti ẹ̀fọn. Má ṣílẹ̀kùn o! Bàbá Alága á pa wá."

Ibi tí mo há sí nìyẹn. Fíìmù wà ní ìhòòhò lọ́wọ́ mi, ojú ọmọ tuntun ẹlẹ́ni ẹlẹ́ni wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn, ó ti bàjẹ́. Bí mi ò bá ṣí i, èmi àti ẹni tó ń mí yẹn la jọ wà.

"Ọrùn ń dùn mí, ọmọ mi. Ṣé ó tó?"

Ẹ rò ó wò. Bí mo bá ní ó tó, á yíjú sí mi. Nínú òkùnkùn yẹn! Bí mo bá ní kò tíì tó, mo tún so ó mọ́lẹ̀ nìyẹn. Mi ò lè sọ ọ̀kankan. Mò ń wé fíìmù, ó ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo ń tún un wé. Ó bi mí léraléra, jẹ́ẹ́jẹ́, láìbínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn.

Mo dé agolo. Mo lè taná wàyí, ṣùgbọ́n mi ò tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn ni mo fi èjìká ṣí, mo ṣubú lé Làmídì lórí.

Kò rẹ́rìn-ín. Àbúrò ìyá ló dúró tì í, fìlà lọ́wọ́. Ó ní ìròyìn ti dé, ìyá ti kú ní Mẹ́kà, wọ́n ti sin ín síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ àwòrán ojú rẹ̀ fún fídáù.

Làmídì ló bá mi fọ fíìmù yẹn parí. Ìbà dá mi dùbúlẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi sì jókòó tì mí títí ó fi lọ. Nígbà tí wọ́n gbé àwòrán ẹ̀yìn ìyá kọ́ sórí okùn, gbogbo ilé dákẹ́, bí mo ṣe fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀.

"Ó dára," ni Bàbá Alága wí. "Ojú rẹ̀ dà?"

Ṣìfáwù ni mo gbé e fún. Ó wò ó títí. "Bó ṣe lọ nìyí. Kò dárí jì mí." Mo lanu. Àbúrò ìyá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì pa ẹnu mi dé.

Láti ọjọ́ náà, mi ò wọ yàrá òkùnkùn mọ́. Làmídì ló ń bá mi fọ fíìmù. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ nílé, tí fèrèsé sì wà ní títì, kí n tó rí ìṣáná, ìyá ti bi mí bóyá ó tó. Mi ò tíì dá a lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya èèyàn, ẹ ṣọ́ra. Ẹni tí ẹ bá ní kó dúró, ẹ tú u sílẹ̀ kó tó kúrò lójú yín.

Ṣìfáwù ṣì ń tajà ní Ìtòkú. Tí mo bá ń kọjá, á ní, "Fótò, ẹ kú iṣẹ́ o!" Èmi á ní, "Ẹ kú ọjà." Gbólóhùn kan ni mo jẹ ẹ́: ìyá rẹ gbọ́ ọ. Mo ti dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀ títí ó fi bi mí bóyá mo fẹ́ ra aṣọ. Mo ra aṣọ.