Ìwé Tó Ń Ṣí Nínú Ọ́fíìsì Nìkan

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ orúkọ ẹ̀, Ìyá Káàdì, ẹ máa rò pé obìnrin kan tó lejú koko ni. Rárá o. Obìnrin kúkúrú báyìí ni, tó máa ń bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì tó bá ti jókòó, tí ẹ̀rín ò sì jìnnà sí i lẹ́nu. Ohun tó sọ ọ́ ní Ìyá Káàdì ni pé ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà láíbìrì yunifásítì, tó ń bi gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé pé, "Káàdì dà?" Ọ̀gá àgbà yunifásítì gbàgbé káàdì lọ́jọ́ kan, ó padà lọ mú un. Ìyàwó ọ̀gá àgbà gbàgbé tiẹ̀, òun náà padà lọ mú un, ó sì ń kùn lọ.

Ayé ìgbà yẹn dùn, àbí kí ni ká ti wí? Òórùn ìwé àtijọ́ lá kọ́kọ́ pàdé ẹ lẹ́nu ọ̀nà. Dúrọ́ọ̀ onígi kéékèèké ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, káàdì ìwé kún inú wọn fọ́fọ́, èèyàn á máa fi ìka ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ẹni tó bá fẹ́ ka jọ́nà, ìyẹn àwọn ìwé tí àwọn onímọ̀ máa ń gbé ìwádìí wọn jáde sí, á jókòó, á máa fọwọ́ dà á kọ títí ìka á fi wú. Ìyá Káàdì mọ ìró gègé gbogbo wọn. Ó mọ ẹni tó ń kọ̀wé àti ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí olólùfẹ́.

Wọ́n ti kó àwọn dúrọ́ọ̀ yẹn lọ. Ilẹ̀kùn ń dá ṣí ara ẹ̀ báyìí. Wọ́n gbé Ìyá Káàdì lọ sí yàrá kan lókè, wọ́n fún un ní kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kó máa bójú tó ohun tí wọ́n ń pè ní àká: orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni yunifásítì ń kó ìwádìí àwọn èèyàn ẹ̀ sí, kí ẹnikẹ́ni láyé lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń béèrè káàdì tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá ní kó máa ṣílẹ̀kùn. Ayé yìí náà mọ eré ṣe.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Olùkọ́ Kòkòrò já wọlé. Olùkọ́ yunifásítì ni, kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo nínú àpò ló ń ṣèwádìí ẹ̀, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá Káàdì ti mọ̀ ọ́n látìgbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sùn sórí tábìlì láíbìrì. Níwájú èèyàn, "ẹ" ló ń sọ sí i. Tó bá ku àwọn méjì, "o" ni.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Wọ́n fẹ́ pa mí."

"Ta ni? Àwọn kòkòrò yẹn?"

"Ì bá sàn tó bá jẹ́ àwọn ni. Àwọn tó fowó sí ìwádìí mi ni o. Wọ́n ní ìwé mi wà ní títì. Tí kò bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé tó bá fi di ọ̀sán ọ̀la, wọn ò ní kà á sí, wọn ò sì ní jẹ́ kí n ṣe apá kejì iṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́rin, mà! Ìwé yìí ò sì tì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti kọ̀wé sí wọn pé kò tì. Ẹ wò ó."

Ó tẹ kọ̀ǹpútà Ìyá Káàdì. Ìwé ṣí gbayau.

"Níbo lo ti máa ń ṣí i?"

"Nínú ọ́fíìsì mi ni."

"O ò ṣí i nílé rí?"

"Nílé kẹ̀? Ìyàwó mi á lé èmi àti kọ̀ǹpútà síta."

Ìyá Káàdì wá bàtà ẹ̀ lábẹ́ tábìlì. "Mú fóònù ẹ, ká lọ."

Ó di ẹ̀yìn géètì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aránbàtà kan, kó tó dúró. Ó ní kó pa íńtánẹ́ẹ̀tì yunifásítì lórí fóònù ẹ̀, kó lo dátà ara ẹ̀. Olùkọ́ Kòkòrò ṣe bẹ́ẹ̀. Àkọlé jáde. Orúkọ ẹ̀ jáde. Ló bá kan àwòrán àgádágodo gbàgàdà, wọ́n ní kó sanwó tó bá fẹ́ ka ìyókù.

"Ṣe bí èmi ni mo kọ ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló nilẹ̀kùn. Yunifásítì ti sanwó fún wọn, ìyẹn ni wọn ò ṣe bi yín ní nǹkan kan tẹ́ ẹ bá ti wà nínú ọgbà."

Aránbàtà gbójú sókè. "Dókítà, wọ́n tì yín síta ni?"

"Wọ́n tì mí síta ilé tí mo kọ́, bọ̀dá."

Aránbàtà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìyá Káàdì ò rí i rín. Àgádágodo yẹn ló ń wò, ló bá rántí kápẹ́ńtà kan láyé àtijọ́. Ọkùnrin náà gbọ́ pé jọ́nà kan sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń jẹ igi, ó gbọn ayùn kúrò láṣọ, ó wá. Kò ní káàdì. Ó dúró lẹ́nu gíláàsì fúngbà díẹ̀, ó wo àwọn ìwé inú lọ́hùn-ún, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì lọ. Lọ́jọ́ yẹn, Ìyá Káàdì gbà pé òun ṣiṣẹ́ òun bí iṣẹ́.

"Ìyá, kí la máa ṣe báyìí?"

"Ẹ jẹ́ ká padà sókè."

Àwọn tó tẹ̀wé náà ní òfin tiwọn. A ò gbọ́dọ̀ kó èyí tí wọ́n ti tẹ̀, tí wọ́n ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, sínú àká. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí òǹkọ̀wé fúnra ẹ̀ tún ṣe lẹ́yìn tí àwọn aṣàyẹ̀wò, ìyẹn àwọn onímọ̀ tó ń yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, bá a wí, tí wọ́n sì gbà á wọlé, ìyẹn kò léèwọ̀.

"Ẹ̀dà yẹn dà?" Ìyá Káàdì béèrè.

Olùkọ́ Kòkòrò ṣí kọ̀ǹpútà ẹ̀. Ojú tì í díẹ̀. Ìwé mẹ́rin ló wà níbẹ̀: Ìkẹyìn, Ìkẹyìn Pátápátá, Ìkẹyìn Tòótọ́, àti Ìkẹyìn Má Fọwọ́ Kàn Án.

"Ta lò ń bá jà?"

"Èmi náà ni, mà."

Ni Ìyá Káàdì bá gbé rúlà jáde. Nígbà tí wọ́n ṣì ń lo taipuráítà, èèyàn méjì ló máa ń yẹ ìwé wò: ọ̀kan á kà á sókè, tòun ti kọ́mà, tòun ti àmì ìdánudúró, èkejì á máa fi rúlà tẹ̀ lé e. Ó gba lẹ́tà àwọn aṣàyẹ̀wò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Aṣàyẹ̀wò kejì ní, ọjọ́ mélòó lẹ fi sá àgbàdo sóòrùn, kọ́mà, kẹ́ ẹ tó dì í?"

"Kò sí nínú Tòótọ́."

"Tòótọ́ ti purọ́ nìyẹn. Má Fọwọ́ Kàn Án ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀... ṣùgbọ́n mo tún fi àwòrán méjì kún un lẹ́yìn tí wọ́n gbà á tán."

"O fọwọ́ kàn án."

Ìkẹyìn Pátápátá ni wọ́n bọ́ sí. Gbogbo ohun tí wọ́n béèrè wà níbẹ̀, kò lé, kò dín. Síbẹ̀ Ìyá Káàdì ò gbà, àfi kí wọ́n kà á látòkè délẹ̀. Olùkọ́ Kòkòrò ní kọ̀ǹpútà lè bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá Káàdì ní kọ̀ǹpútà ò lójú. Olùkọ́ Kòkòrò ń kà á sókè, Ìyá Káàdì ń fi rúlà tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, ara ọmọkùnrin náà balẹ̀, ohùn ẹ̀ rọ̀, ó ń pe "kọ́mà" bí ẹni ń kọrin. Ìyá Káàdì dijú fún ìṣẹ́jú kan. Ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ pé ó ń gbọ́ taipuráítà.

Wọ́n gbé ìwé náà sínú àká, ó wá ku ìbéèrè kan tí wọ́n máa dáhùn níbẹ̀: ta ló lè lo ìwé yìí?

"Kí n fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀?" Olùkọ́ Kòkòrò béèrè. "Ẹnikẹ́ni ṣá?"

"Kó ṣáà ti dárúkọ ẹ. Ẹnikẹ́ni."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó fi àdírẹ́sì ibi tí ìwé wà ránṣẹ́ sí àwọn tó fowó sí i, ó wá káwọ́ lérí. Ìyá Káàdì ní tiẹ̀ pe ọmọ ẹ̀ obìnrin, tó wà nílé ọkọ.

"Màámi, ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn lọ́wọ́ mi."

"Fi ọwọ́ kejì tẹ ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹ. Kí ló béèrè?"

"Kò béèrè nǹkan kan. Ó ti ṣí."

"Kà á fún mi."

Ọmọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́, torí ọmọ tó ń sùn. Ó ka ojú ìwé kìíní, ó ń kọsẹ̀ lórí orúkọ kòkòrò. "Màámi, gbogbo àgbàdo tí mo dì sí kíṣìnì yìí, mi ò sá a o."

"Máa kà á lọ."

Kọ̀ǹpútà Olùkọ́ Kòkòrò dún kín. Ìlà kan péré ni wọ́n kọ: A ti rí i, ó ṣí, ẹ máa bá apá kejì lọ. Ó fò sókè, ó lu tábìlì. Ìyá Káàdì ò wo ẹ̀yìn. Ó gbé ìka sẹ́nu fún un, ó sì yí fóònù sí etí kejì, torí ọmọ ẹ̀ ti ń ka ojú ìwé kejì.