Kárọ́ọ̀tì Inú Ìgò Kẹfà

Ìyá Onígò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí ọdún mọ́kàndínlógún ló fi fọ ìgò ní yàrá tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò oúnjẹ. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì balẹ̀. Nígbà tó yá, Dókítà, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn, fi í sídìí ohun tí wọ́n ń pè ní ikùn onígò.

Ìgò mẹ́fà ni, tó jókòó sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n á da oúnjẹ lílọ̀ sínú wọn, wọ́n á bu ásíìdì, omi kíkan bíi ti inú ikùn, sí i, ẹ̀rọ á wá máa mì wọ́n bí ẹni ń rẹ ọmọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi òróòro kún un, kó lè ṣe bí ìfun. Ohun tó bá yọ́ sínú omi ni ara lè rí lò. Èyí tó bá dì mọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló forí lé.

Kárọ́ọ̀tì tútù ni wọ́n ń yẹ̀ wò lóṣù yẹn, nítorí èròjà aláwọ̀ ọsàn inú rẹ̀ tó ń ṣe ojú lóore. Díẹ̀ báyìí ló ń yọ́ jáde. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, kárọ́ọ̀tì ìgò kẹfà dà sílẹ̀ mọ́ Ìyá Onígò lọ́wọ́. Kò sí òmíràn nílẹ̀, ẹ̀rọ sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ló bá ṣí abọ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, ó bu kárọ́ọ̀tì ibẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó dà á sí i.

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà tẹjú mọ́ èsì títí.

“Ìyá, ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́. Ohun tó yọ́ nínú ìgò kẹfà fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti àwọn yòókù lọ. Gbogbo iṣẹ́ oṣù yìí la máa dà nù.”

Ọdún méjì ló kù kí Ìyá Onígò fẹ̀yìn tì. Bó bá panu mọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

“Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, Dókítà. Kárọ́ọ̀tì tiyín dà nù, ni mo bá fi ti oúnjẹ ọ̀sán mi dí i. Mo ti sè é, mo sì ti ta òróró sí i.”

“Ẹ mọ̀ pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀, mà.”

Dókítà kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un, ó ní kó buwọ́ lù ú. Ó wá fa àga, ó jókòó. “Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi sè é? Ṣíbí òróró mélòó?”

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi tún un ṣe: tútù, sísè lásán, sísè pẹ̀lú òróró. Èyí tó ní òróró ló ń borí nígbà gbogbo. Dókítà ṣàlàyé pé ara kárọ́ọ̀tì tútù le, ó há èròjà náà mọ́; iná ló ń rọ̀ ọ́, òróró ló sì ń gbé e jáde. Ó ní kì í ṣe gbogbo ewébẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ o: oore tó wà nínú àwọn mìíràn, iná ló ń pa á.

Nílé, ọkọ Ìyá Onígò ti ń rún kárọ́ọ̀tì tútù jẹ bí ehoro láràárọ̀ nítorí ojú tó ń ṣe bàìbàì.

“Bàbá, ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ń wá nínú rẹ̀ ń kọjá lọ ni.”

“Ṣé títì ni ikùn mi ni?”

Ìyá Onígò rẹ́rìn-ín, ó gbé ìkòkò kaná. Ọkọ rẹ̀ jẹ sísè náà lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún mú tútù kan, ó ní eyín òun náà fẹ́ ṣiṣẹ́.