Bẹ́ńṣì Ẹ̀yìn Tí Òjò Ń Jò Sí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga kọjá ẹnu àmù Màmá Àgbà, afárá pákó kan ló wà láàárín ilé wa àti ilé-ẹ̀kọ́ mi, odò a sì máa hó lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lápá ibi tí wọ́n ń gbà láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ yóò mọ irú afárá bẹ́ẹ̀. Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ojoojúmọ́ mi tí mo sì fa ojú ìwé náà ya, nítorí ìrántí mi kò dá mi lójú. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bí mo ṣe rò pé ó rí.

Àwọn Àgùdà ló dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Tíṣà wa sọ fún wa pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé Fadá àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí etí odò wa, àti pé abẹ́ igi ọ̀dán ló ti kọ́ àwọn ọmọ díẹ̀ níwèé. Ó ní àwọn ìyá ọmọ a máa wá fi ipá kó wọn padà sílé, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tó bá mọ ìwé Fadá yóò gbàgbé orúkọ baba rẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n fi amọ̀ mọ kíláàsì, tí wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tì í. Nígbà tí èmi fi débẹ̀, ìjọba ti gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọ, ṣùgbọ́n Fadá ṣì ń gun alùpùpù wá ṣe Mísà ní Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ má lọ, ì báà ṣe Kristẹni, ì báà ṣe Mùsùlùmí.

Mùsùlùmí ni wá nílé wa. Páànù ni bàbá mi ń tà. Ṣìfáwù ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Felíṣíà ni ọ̀gá ilé-ìwé kọ sínú rẹ́jísítà. Bàbá gbà bẹ́ẹ̀. Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá, kò fara mọ́ ọn rárá.

“Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé wọ́n fi nǹkan ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ ọmọ yìí,” ló máa ń wí, “ọjọ́ náà ló máa gbé igbá tẹ̀ lé mi lọ sọ́jà. Ìwé parí nìyẹn.”

Mo mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ẹ̀gbọ́n mi, Sìkírà, ti ń gbé igbá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣèèṣì ṣe àmì àgbélébùú kí ó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, kò sì tún rí inú kíláàsì mọ́.

Ẹ̀yìn pátápátá ni bẹ́ńṣì àwa ọmọ Mùsùlùmí wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àwọn yòókù bá tò lọ gba Ara Kristi, àwa yóò jókòó wò wọ́n. Bẹnẹdíkítà, ọ̀rẹ́ mi, sọ fún mi pé bí ẹni tí kò ṣe ìrìbọmi bá jẹ ẹ́, odò yóò pè é lórúkọ bó bá dé orí afárá, bó bá sì dáhùn, omi gbé e lọ nìyẹn.

“Irọ́ ńlá,” ni mo wí.

“Lọ jẹ ẹ́ wò nígbà náà, ọmọ Àlàájì oní-páànù!”

Jímọ́ọ̀ kan báyìí, òjò ńlá ń rọ̀. Oṣù ààwẹ̀ ni, ààwẹ̀ mi àkọ́kọ́ láyé. Màmá Àgbà ti jí mi jẹ sààrì, ìkọ́kọ̀rẹ́ tó lẹ́ja gbígbẹ nínú, mo sì ń fi ara mi yangàn bí àgbàlagbà. Páànù tó wà lókè bẹ́ńṣì wa ti dá ihò, omi ń kán sí wa lọ́rùn. Tíṣà bá ní kí a sún síwájú, kí a há ara wa mọ́ àwọn ọmọ ìjọ. Nígbà tí bẹ́ńṣì tí mo wà dìde, èmi ṣì jókòó. Ni mo bá rí pàṣán Tíṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

“Dìde! Tò! Kí lò ń wò?”

N kò lè sọ pé Ṣìfáwù ni mí. Felíṣíà ló wà nínú rẹ́jísítà. Mo tò.

Fadá wí pé, “Ara Kristi.” Mo la ẹnu bí Bẹnẹdíkítà ṣe là á. Nǹkan funfun pẹlẹbẹ náà kò ládùn kankan. Ó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu mi bí ìwé tó rin. Bí mo bá gbé e mì, ààwẹ̀ mi bàjẹ́. Bí mo bá tu ú, ta ni mo tu ara rẹ̀ sílẹ̀ yẹn? Mo pa ẹnu dé. Wọ́n kọrin, n kò kọ. Wọ́n pè mí, n kò jẹ́.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ parí, mo dé etí odò, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Omi ti pọ́n, ó kún dé abẹ́ pákó. Mo rò pé mo gbọ́ tó ń pe orúkọ, ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tó ń pè nínú orúkọ mi méjèèjì. Mo jókòó síbẹ̀ títí Màmá Àgbà fi wá mi wá.

“Ṣìfá! Kí lò ń ṣe létí omi? La ẹnu, jẹ́ kí n wò ó.”

Mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́.

“Ṣé o gbé e mì?”

“Ó yọ́ fúnra rẹ̀ ni, Mà.”

“Ta ló ní kí o kúrò láyè rẹ?”

“Òjò ni, Mà. Ó ń jò sí wa lórí.”

Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, a sọdá, mo dijú. Ó gbé ògì àti àkàrà ìṣínu fún mi. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo rí igbá kékeré kan tó dojú dé lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé tèmi ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí n wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, ó ká páànù méjì, ó gbé e rù, ó sì ṣáájú mi gun afárá. Mo gbà pé ó ń lọ mú mi kúrò ni. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ọ̀gá tí gbogbo wa ń sá fún dọ̀bálẹ̀ fún un.

“Mi ò bá ìjà wá,” ni Màmá Àgbà wí. “Ẹ kan èyí sókè bẹ́ńṣì àwọn ọmọ wa. Bí òjò bá tún lé ọmọ mi kúrò láyè rẹ̀, ọjà ló ń lọ.” Ó yíjú sí mi. “Ìwọ, wọ kíláàsì. Èmi àtìẹ la jọ máa san ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn.”

Nísinsìnyí, Sìkírà ní kì í ṣe oṣù ààwẹ̀ rárá, ó sì ní ńṣe ni Bàbá ta páànù náà fún ilé-ẹ̀kọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́. Bóyá èmi ni mo fi ààwẹ̀ kún un, kí ìdí lè wà fún ẹ̀rù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo padà lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì náà láìpẹ́ yìí. Wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo òrùlé rẹ̀, kò sí ẹni tó lè jẹ́rìí fún mi. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń jókòó síbi tó wù wọ́n, orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n nílé ni wọ́n ń jẹ́ níléèwé, afárá sì ti di oní-kọnkéré. Wọ́n ń sáré kọjá lórí rẹ̀, wọ́n ń jẹ bisikíìtì, wọn kì í tilẹ̀ wo omi.

Ọ̀kadà ló gbé mi sọdá. Ní àárín afárá, ọmọkùnrin tó ń wà mí béèrè pé, “Mọ́mì, ṣé ọwọ́ ọ̀tún la máa yà?”

N kò dá a lóhùn títí a fi dé òdìkejì.