Káńfọ̀ Nínú Ẹ̀wù Òtútù Àbúrò Mi

Kékeré ni mí, mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, nígbà tí wọ́n fi mí jẹ oyè olùtọ́jú ẹ̀wù òtútù nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, oyè ńlá ni lójú mi. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Alájà, ló ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun àwọn ẹ̀wù náà: tèmi, ti ìyá mi, àti ti bàbá mi tó ń gun alùpùpù lọ ṣiṣẹ́ tíṣà ní Òdogbolú láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí bí ọyẹ́ ṣe máa ń mú nígbà náà, tí ètè á bẹ́, tí ẹsẹ̀ á funfun bíi pé a rìn nínú eérú. Bí ọyẹ́ bá ti lọ, inú àpótí ni àwọn súwẹ́tà wa ń gbé títí ọdún á fi yí po, èmi ni mo sì ń mójú tó wọn.

Alájà ní òfin tirẹ̀. A kì í fi súwẹ́tà kọ́ ìṣó, torí èjìká rẹ̀ á wọ́ sílẹ̀, á wá dà bíi pé màlúù ló ti wọ̀ ọ́ rí. A kì í fún un bí aṣọ ilé ìwé. Táwẹ́ẹ̀lì la fi ń tẹ omi ara rẹ̀, ká tó tẹ́ ẹ sórí ẹní lábẹ́ ibòji. Bó bá gbẹ, a ó da ojú rẹ̀ délẹ̀, a ó ká apá méjèèjì sẹ́yìn, a ó wá ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì láti ìsàlẹ̀. Èyí tó wúwo á wà nísàlẹ̀, èyí tó fúyẹ́ á wà lókè. Lóṣooṣù ni mo sì gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ jáde, kí n gbọ̀n ọ́n, kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá ká a bákan-ṣá, Alájà kì í nà mí o. Á kàn da gbogbo àpótí sórí bẹ́ẹ̀dì, á jókòó ti gàrí tútù rẹ̀, á ní, "Ó yá, tún un ká. Mo ń wò ọ́." Èmi á sì máa gbọ́ ariwo àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń fo ṣùwé lójúde. Ìgbájú ì bá tù mí lára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alájà máa ń ju káńfọ̀ sáàárín àwọn ẹ̀wù wa, àwọn róbótó funfun tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá, tí òórùn wọn ń lé kòkòrò. Òórùn náà ti wọ ara ògiri yàrá ìyá mi débi pé imú wa ò gbọ́ ọ mọ́.

Ọdún yẹn ni ìyá mi lóyún. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni wọ́n ti ń retí òmíràn, tí àdúà ń lọ lójoojúmọ́, nítorí náà ìdùnnú Alájà ò ṣe é fẹnu sọ. Ó hun súwẹ́tà kékeré kan, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀, gbogbo rẹ̀ funfun báláú. Ìyá mi kó wọn sínú àpò ìrọ̀rí, ó gbé wọn sínú àpótí kékeré lọ́tọ̀, ó wá pè mí. "Síkírá, gbọ́ dáadáa o. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀wù ọmọ tuntun ò gbọdọ̀ rí káńfọ̀ rárá. Ṣé o ti gbọ́?" Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò béèrè ìdí rẹ̀.

Oṣù kan kọjá, mo ń fo ṣùwé. Oṣù kejì kọjá, mo ṣì ń fo ṣùwé. Ọjọ́ tí mo wá rántí ṣí àpótí ọ̀hún, kòkòrò ti jẹ fìlà, ihò tí ìka mi kékeré lè wọ̀. Òmíràn wà lápá súwẹ́tà. Mo ronú ojú Alájà tí kò ríran dáadáa mọ́, tó sì fi hun nǹkan wọ̀nyí, mo bá fi abẹ́rẹ́ àti òwú dí ihò méjèèjì. Kí kòkòrò má baà padà wá, mo mú káńfọ̀ mẹ́rin nínú àpótí wa, mo lọ̀ wọ́n kúnná kí ẹnikẹ́ni má baà rí i, mo wọ́n ọn sáàárín ẹ̀wù ọmọ bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sí ẹran. Mo sọ fún ara mi pé màá gbọ̀n ọ́n dànù kí ọmọ tó dé.

Ọmọ ò dúró dè mí. Mo wà nílé ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ìgbà tí mo máa dé, ọkùnrin kékeré ti wà lórí ẹsẹ̀ Alájà, ó ti wọ súwẹ́tà, ó ti dé fìlà. Ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an, wọn kì í bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu mi ò ṣí.

Lọ́jọ́ kẹta, ojú ọmọ náà pọ́n rúsúrúsú. Alájà ní kí a máa gbé e sí oòrùn àárọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, kò mu ọyàn mọ́, igbe rẹ̀ sì ti di tín-ín-rín. A gbé e lọ sọ́sípítù. Lórí bẹ́ǹṣì tí a ti ń dúró de dókítà, nọ́ọ̀sì kan bi ìyá mi bóyá wọ́n fún ọmọ lágbo. Ó ní rárá. Nọ́ọ̀sì tún béèrè bóyá káńfọ̀ kan ẹ̀wù rẹ̀. Ìyá mi ní, "Rárá o, Nọ́ọ̀sì, ẹ ti kìlọ̀ fún mi." Ó wá kọjú sí mi. "Síkírá, o ò fi káńfọ̀ sí i, àbí?"

"Rárá, mà." Ohùn mi mọ́ gaara.

Àárọ̀ nìyẹn. Àwọn èèyàn pọ̀ lórí ìlà, a sì jókòó síbẹ̀, àbúrò mi nínú súwẹ́tà yẹn, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo mímí tó ń mí, mo mọ ohun tó ń fà símú. Alájà lọ kí ìrun àìlà, ó padà. Mo ní tó bá ti dé, màá sọ. Mi ò sọ. Ó tún lọ kí àlàásárì. Nígbà tó padà, ọmọ náà ò sunkún mọ́ rárá, mo bá di ìró rẹ̀ mú, mo ní, "Alájà, èmi ni mo fi káńfọ̀ sí i."

Obìnrin tó máa ń bá mi jà tí mo bá fa apá súwẹ́tà le díẹ̀, ńṣe ló já ẹ̀wù ọ̀hún gbà kúrò lára ọmọ títí ojú ìhun rẹ̀ fi ya pẹ̀rẹ̀, ó sì ń fi Ìjẹ̀bú pe nọ́ọ̀sì kíkankíkan. Wọ́n sáré gbé àbúrò mi wọlé, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí òórùn káńfọ̀ ti bà jẹ́, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná tí wọ́n fi ń wo ibà pọ́njú. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, Múfútàù, láìsí àgbò, láìsí àlejò.

Kò kú, alihamudulilahi. Àmọ́ nígbà tó pé ọmọ ọdún méjì, tí a bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í wẹ̀yìn. Dókítà ní ibà pọ́njú tó le bẹ́ẹ̀ máa ń ba etí jẹ́. Bóyá wákàtí tí mo fi panu mọ́ láti àárọ̀ títí di àlàásárì ló fà á, kò sọ. Mi ò bi í. Ẹ̀rù ìdáhùn yẹn ṣì ń bà mí títí dòní.

Ẹnikẹ́ni ò nà mí. Ìyá mi kàn gba ìtọ́jú ẹ̀wù lọ́wọ́ mi, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ó dùn mí ju ẹgba lọ.

Ayé ti yí padà. Ọyẹ́ ìsinsìnyí ò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, inú ọ̀rá ni ẹ̀wù ọmọ ti ń wá láti ṣọ́ọ̀bù, àwọn ìyá ọmọ sì ń fi fóònù bi ara wọn léèrè ohun tí àwa ń gbà láìbéèrè. Káfíńtà ni Múfú báyìí, ètè èèyàn ló ń wò láti mọ ohun tí à ń sọ. Èmi fúnra mi ni mo sọ ohun tí mo ṣe fún un, nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún. Ó ní ṣé oúnjẹ ṣì kù.

Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ lóyún, ó sì gbé báàgì ẹ̀wù òtútù ọmọ wá sílé mi pé kí n fọ̀ ọ́, kí n tọ́jú rẹ̀. Mo kọ̀. Mo ní kó gbé e lọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó gbé báàgì náà lé mi lẹ́sẹ̀, ó fi ohùn gíga rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ sọ pé, "Àǹtí mi, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ká a."

Mo fọ̀ ọ́, mo ká a. Ẹkún tí mo sun sí i lórí pọ̀ débi pé mo ní láti tún gbogbo rẹ̀ fọ̀.